Kámẹ́rà Orí Igi Tí Kò Gbọ́ Àṣẹ

Onífọ́tò kan wà ní ìlú kan tí ó sùn ti igbó. Ìkùukùu ìlú náà kì í tètè lọ. Ní òwúrọ̀, a máa jókòó lórí òrùlé bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí ó sì ń rántí àlá rẹ̀, oòrùn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́ kí ó tó dìde.

Arákùnrin mi, mi ò gbàgbé ohun tí o bi mí. O ní ó pẹ́ tí o ti ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ tí ó ń padà bọ̀ wálé, o kò sì gbọ́ nǹkan kan láti òkè, bóyá kí o ṣílẹ̀kùn fún un tàbí kí o tì í. N óò dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ wọ inú igbó.

Onífọ́tò yìí ní bàbá. Ẹsẹ̀ bàbá náà kò gbé e mọ́, ojú rẹ̀ sì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Akọpẹ ni nígbà tí agbára wà. Láti orí ọ̀pẹ ni ó ti rí ohun kan ní ìgbà èwe rẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé láti ìgbà náà. Ó ní ẹyẹ kan wà tí à ń pè ní àtíòro, ẹyẹ dúdú tí ikùn rẹ̀ funfun, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Bí ó bá kan ìgbà tí abo rẹ̀ yóò yé ẹyin, a wọ inú ihò igi lọ, a sì fi amọ̀ dí ẹnu ihò náà mọ́ ara rẹ̀, títí yóò fi ku ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Akọ a wà lóde. Òun ni yóò máa gbé ẹyìn ọ̀pẹ wá, tí yóò máa nà án sí aya rẹ̀ láti ojú tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ní ọjọ́ tí àkókò bá pé, abo a fi ẹnu lu ògiri amọ̀ náà títí yóò fi wó, a sì fò jáde sínú ìmọ́lẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí ìjókòó kan náà ni wọ́n tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

"Baba Alálàá, ìyàwó ẹyẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà látìmọ́lé?"

"Ó wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sì ń bọ́ ọ yó. Ìwọ tí ìyàwó tìrẹ wà lóde, kí lo fún un jẹ láàárọ̀?"

Wọn a rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá délé, a dákẹ́. Ní ọjọ́ kan ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní: "Kí ojú mi tó ṣú pátápátá, mo fẹ́ tún rí ẹyẹ yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe tìtorí wọn. Ó ti pẹ́ jù. Èmi fúnra mi ò mọ̀ mọ́ bóyá mo rí i, tàbí mo lá a ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọ náà lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó. Ó ń rìn lábẹ́ àwọn igi ńlá níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀ bí omi tí ń jò láti òrùlé, ó ń gbójú sókè, títí ó fi rí ihò kan lára igi àfàrà. Amọ̀ ti dí i. Ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó kù, ẹnu ẹyẹ sì yọ síta níbẹ̀, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ìka ẹni tí ń juwọ́ síni láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀, kò lè mira. Bàbá rẹ̀ kò purọ́.

Èrò kan sì sọ sí i lọ́kàn, mo sì gbà pé ọ̀run ni ó ti wá.

Bóyá o kò mọ̀ pé kámẹ́rà lè wà lórí igi kí ẹni tí ń lò ó wà nílẹ̀. Ètò kan wà tí a ń fi sínú kọ̀ǹpútà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wáyà gígùn ni yóò so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí kámẹ́rà ń rí lókè, ìwọ náà yóò máa rí i lójú kọ̀ǹpútà nílẹ̀, bí o bá sì tẹ bọ́tìnì kan, kámẹ́rà yóò ya àwòrán, bí ẹni pé ìka rẹ wà lára rẹ̀. Onífọ́tò ní: "Bàbá mi ò lè gun igi mọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ yóò gùn ún. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ya ẹyẹ náà bó ṣe ń jáde."

Ó so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀ka igi tí ó kọjú sí ihò náà. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà kékeré kan sí ìsàlẹ̀, ó gbé àga kan síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan kí ó máa ya àwòrán fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó di ìdájí ọjọ́ kejì, tí ìkùukùu ṣì di gbogbo ọ̀nà, ó pọn bàbá rẹ̀ wọ igbó.

Bàbá ní: "Èmi ni mo pọ̀n ọ́ wá síbí nígbà kan."

Ọmọ ní: "Ẹ̀yin ni, bàbá. Ẹ rọra dì mí mú."

Wọ́n dé àtíbàbà. Igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ láti òkè: kọ́ọ́, kọ́ọ́, kọ́ọ́. Abo ẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri rẹ̀. Àkókò ti dé.

Onífọ́tò yára ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà. Lẹ́sẹ̀kan náà, àwọn àwòrán àná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Akọ ẹyẹ wà níbẹ̀ tòun ti ẹyìn pupa lẹ́nu. Akọ wà níbẹ̀ tí ó na ọrùn. Ẹnu méjì pàdé ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Wọ́n rẹwà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ìka bàbá rẹ̀ lé bọ́tìnì, ó ní: "Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ o. Tí mo bá ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́." Ó sì ṣí ètò tí yóò darí kámẹ́rà.

Ètò náà kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: Kò sí kámẹ́rà kankan níbí.

Ó pa á, ó tún ṣí i. Kò sí kámẹ́rà. Ó yọ wáyà, ó fẹnu fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Àwọn àwòrán àná tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ètò tún ní kò sí kámẹ́rà. Ó gba ibòmíràn ki wáyà náà bọ kọ̀ǹpútà. Ó mú wáyà mìíràn, ó gun igi lọ, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó pààrọ̀ bátìrì pẹ̀lú, ó pa kámẹ́rà, ó tún tàn án. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èérún èèpo igi lára. Àwọn àwòrán ń ṣàn. Kò sí kámẹ́rà.

Kọ́ọ́, kọ́ọ́, ni wọ́n ń gbọ́ lókè. Ìyẹ̀pẹ̀ amọ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, ó kígbe: "Sátánì, mo dè ọ́! Tú kámẹ́rà yìí sílẹ̀!"

Bàbá rẹ̀ ní: "Ọmọ mi, rọra pariwo. Kí ni Sátánì fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe?"

Ní ìgbà náà ni ó rántí obìnrin kan, onífọ́tò bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà. Ó pè é lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Obìnrin náà ní: "Wáyà rẹ ò bàjẹ́. Kí ló ń jáde lójú kọ̀ǹpútà rẹ báyìí?"

"Àwòrán àná. Wọ́n ń wọlé."

"Ta ló ní kí wọ́n wọlé?"

Onífọ́tò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ni. Arákùnrin mi, o mọ bí àwọn onífọ́tò wa ṣe ń ṣe nílé ìsọmọlórúkọ. Wọn a yà ọ́ bí o ṣe ń wọlé, àwòrán a sì ti délẹ̀ kí o tó jẹun tán, nítorí pé bí àlejò bá ti wọ mọ́tò rẹ̀ lọ, ta ni yóò wá gba àwòrán náà? Ẹni tí ó bá lọ́ra ni yóò gbé ojú àwọn àlejò tí kò ra àwòrán lọ sílé. Nítorí náà ni ọkùnrin yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, pé bí kámẹ́rà bá ti kàn án báyìí, kí ó máa kó gbogbo ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀, kó má bi òun. Àṣẹ náà ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò rántí mọ́ pé àṣẹ ni.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọkùnrin yìí! O gbé ojú ìsọmọlórúkọ wọ igbó. Ṣé ẹyẹ ló máa ra fọ́tò ni? Gbọ́, kámẹ́rà kì í gbọ́ ti ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń kó o lẹ́rù yẹn ló dì í mú. Lé e kúrò, kí èyí tó fẹ́ darí rẹ̀ ráàyè."

"Ṣé kí n gé e báyìí?"

"Gé e báyìí!"

Ó rí ibi tí yóò tẹ̀ láti gé e. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán náà ṣì ń ṣàn, akọ ẹyẹ ń na ọrùn nínú ìmọ́lẹ̀ bíi ti wúrà, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá gé e lágbede méjì, díẹ̀ nínú wọn lè bàjẹ́. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ó kù díẹ̀ kó tán. Ó ní, jẹ́ kí n kó èyí ná. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí ń wo odò. Òkè dákẹ́, kò sì mọ̀ pé òkè ti dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, ohun kan kọjá lórí àtíbàbà, fúù, fúù, fúù, bí ẹni tí ń gbọn aṣọ tútù.

Àwòrán ìkẹyìn wọlé. Kò sí ohun tí ń kó mọ́. Lọ́gán, ètò náà rí kámẹ́rà, ojú kọ̀ǹpútà sì là. Ihò igi náà hàn kedere. Ẹnu rẹ̀ ti ya gbàgà. Eruku amọ̀ ṣì ń fò nínú ìmọ́lẹ̀.

Bàbá kò tíì gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnì. Ó ní: "Mo gbọ́ ìyẹ́ apá. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ báyìí?"

Ọmọ náà rọra gbé ìka bàbá kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ó yá, ó fi àwọn àwòrán àná han bàbá rẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe. Bàbá gbé kọ̀ǹpútà súnmọ́ ojú rẹ̀, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Èyí dára," ni ó wí. "Èyí náà dára. Èwo ni ìgbà tó jáde?"

Arákùnrin mi, ì bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí, òdodo náà ni ì bá jẹ́. Púpọ̀ nínú ìtàn wa níbẹ̀ ni ó ń parí sí. Ṣùgbọ́n àánú wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń sunkún, ó ní: "Dákẹ́. Àwọn ọmọ ṣì wà nínú ihò. Wọn yóò tún fi amọ̀ dí ara wọn mọ́bẹ̀, bí ìyá wọn ti ṣe, títí wọn yóò fi gbó tó láti fò."

"Bàbá, ẹ ò sọ èyí rí."

"Wọn ò tíì gba ti àkọ́kọ́ gbọ́, kí n wá sọ ìkejì?"

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, amọ̀ tuntun ti dí ẹnu ihò náà, ojú tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ó kù. Akọ àti abo ni ó wá ń gbé oúnjẹ wá báyìí. Ọmọ náà lọ sílé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá àṣẹ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa rí, ó sì pa á rẹ́. Ó dùn ún. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni àṣẹ yẹn ti fún un jẹ.

Ó ń pọn bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ìdájí, bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ojú bàbá sì ń lọ. Ní òwúrọ̀ kan, ó ní ìkùukùu pọ̀ lónìí. Ọmọ rẹ̀ wo òkè, ojú ọ̀run mọ́ rekete. Kò sọ fún un.

Nígbà tí ó bá ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà báyìí, ohunkóhun kì í ṣàn wọlé mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà a ṣófo. Ìyẹn kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Ó dà bí ẹni tí ó wọ ilé tí kò sí àga kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní sùúrù díẹ̀, tí ó ṣí ètò tí ń darí, kámẹ́rà a dáhùn láti orí igi, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ọmọ tí a pè lórúkọ. Ihò náà a yọ lójú kọ̀ǹpútà. Wọn a jókòó tì í, bàbá àti ọmọ, bí ẹni tí ó jókòó ní ẹnu ọ̀nà àlá, tí ń dúró kí a pe òun wọlé.

Ní ọjọ́ kan wọ́n gbọ́ ọ: kọ́ọ́, kọ́ọ́.

Bàbá kò mira. Amọ̀ là. Amọ̀ wó. Orí kékeré kan yọ, ó wo ayé, ó padà sínú, ó tún yọ.

"Ó yá, bàbá."

Bàbá tẹ̀ ẹ́.

Kò rí ẹnu ẹyẹ náà, kò rí ojú rẹ̀. Ojú tí ó ṣẹ́kù fún un kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun dúdú kan ni ó rí, tí ó là sí méjì, funfun sì tú jáde nínú rẹ̀, bí aṣọ tí a nà sórí koríko nínú oòrùn. Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní: "Òun nìyẹn. Mi ò lá a."

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n fi àwòrán náà han àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n wò ó títí. Ọ̀kan nínú wọn wá ní: "Àwa náà ṣáà mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ wá ọ̀nà àtibá wọn jiyàn mọ́.

Nísinsìnyí, arákùnrin mi, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn.

O sọ fún mi pé ọ̀run dákẹ́. O ti pààrọ̀ wákàtí àdúrà rẹ, o ti gbààwẹ̀, o ti lọ sórí òkè, o ti de Sátánì. Wáyà rẹ kò bàjẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́: bí orúnkún rẹ bá ti kanlẹ̀ báyìí, tí o dárúkọ àbúrò rẹ, kí ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣàn wọlé?

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ àdúrà rẹ nínú ilé Ọlọ́run, o kì í gbé ohùn rẹ mì. Bí ó ti fi ìyá yín sílẹ̀ lórí àkéte àìsàn. Bí kò ti yọjú síbi ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ sí ọ lójú aya rẹ. O ń tò wọ́n síwájú Olúwa, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì mọ́ kedere bí ẹni pé àná ni. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n. Àwòrán tí onífọ́tò ń kó náà kì í ṣe irọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, òótọ́ àná. Nígbà tí o bá kó wọn tán, o ó ní "Àmín", o ó dìde. Olúwa fẹ́ darí rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń kó ẹrù.

Ìwọ fúnra rẹ ni o sì pàṣẹ rẹ̀. Nígbà tí ọgbẹ́ náà ṣì tutù, o pinnu pé o kò ní gbàgbé, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí ọ gbá mú. Mo gbà, ó ṣiṣẹ́ fún ọ nígbà náà. Ó gbà ọ́ lọ́wọ́ nǹkan púpọ̀. Nísinsìnyí, lọ pa á rẹ́.

Má ṣe sọ fún mi pé kí o kó èyí tí ó kù tán ná. Àbúrò rẹ lọ lẹ́ẹ̀kan, o ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, o kò sì rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń jáde nílé. Àánú ni ó tún ń mú un bọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ kọ́. Ìhìn ti dé pé ọ̀la ni yóò wọ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó ṣèlérí fún ọ pé ọmọ ẹyẹ mìíràn tún wà nínú igi.

Lọ sílé. Kúnlẹ̀ lálẹ́ yìí, dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì dákẹ́. Yóò dà bíi pé ilé ṣófo. Má bẹ̀rù, dúró níbẹ̀. Ohun tí o bá sì gbọ́, má pè mí láti bi mí bóyá òun ni. Dìde, kí o lọ yọ ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn rẹ.